Ọwọ́ Mi Ló To Ẹyẹ Orí Adé

Bàbá mi tí mo fẹ́ràn, tí mo sì ń bínú sí,

Mo ti di ẹni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́rin, mi ò sì gba ìmọ̀ràn lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni mọ́. Bísí ọmọ mi ní ẹni tó bá mọ Jésù kì í kọ lẹ́tà sí òkú. Mo ní kó jókòó jẹ́ẹ́. Ìwé díẹ̀ tí mo kà kí ẹ tó yọ mí nílé-ìwé náà ni mo fi ń kọ ọ́. Bí kò bá gún, ẹ fara mọ́ ọn.

Treviso nílẹ̀ òyìnbó la wà, níbi tí Bísí ti ń ṣiṣẹ́ ní fabbrica, ilé-iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe àga. Lọ́jọ́ Sátidé tó kọjá, ó fi treno, ọkọ̀ ojú irin, gbé èmi àti Tolú, ọmọ rẹ̀ obìnrin, lọ sí Monza. Ilé-ìwé ló ní kí Tolú kọ nǹkan nípa ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́ tí wọ́n ń tọ́jú adé àwọn ọba wọn sí. Òkúta funfun àti òkúta dúdú ni wọ́n fi kọ́ iwájú rẹ̀ ní ìlà ìlà bí aṣọ òfì. Ó wù mí. Inú ilé ni ìríra wà.

Adé ọba, Bàbá, inú dígí. A fi owó líra gba biglietto, ìwé ìwọlé, obìnrin atọ́nà tan iná sí i, gbogbo wọn na ọrùn, wọ́n ń wo inú adé. Ó ní irin tó yí inú rẹ̀ ká, ìṣó tí wọ́n fi kan Jésù mọ́ igi ni wọ́n fi rọ ọ́. Ìṣó tó gún Olúwa, wọ́n wá sọ ọ́ di ọ̀ṣọ́ orí. Ó rí mi lára. Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi pé ẹni tó bá wo inú adé, ojú rẹ̀ ló máa fi san án. Kí n tó mọ̀, mo ti fi gèlè bo Tolú lójú, mo sì kẹ̀yìn sí adé. Atọ́nà rò pé òòyì ló ń kọ́ mi, ó sáré gbé àga wá. Mo jókòó, mo ṣì kẹ̀yìn síbẹ̀. Bísí ní mo dójú ti òun. Kí ojú tì í.

Atọ́nà tún ní ọba Faransé kan gba adé yìí, ó gbé e ka orí ara rẹ̀ ní Milano pẹ̀lú ọwọ́ ara rẹ̀. Ṣé ẹ gbọ́ irú ẹ̀ rí? Àwọn afọbajẹ ńkọ́? Olè là ń pe irú ẹni bẹ́ẹ̀ nílùú wa. Itọ́ kún mi lẹ́nu, ilé Ọlọ́run ni kò jẹ́ kí n tu ú.

Ni mo bá ń wo ògiri. Wọ́n ya ayaba tó dá ṣọ́ọ̀ṣì náà sílẹ̀, ìgbéyàwó rẹ̀, ẹṣin, ajá, wúrà káàkiri. Baba kan àtàwọn ọmọ rẹ̀ ló yà á. Tolú rí i pé wọ́n kọ orúkọ ìdílé wọn síbẹ̀. Mo wá sọ ohun tí mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni rí, pé èmi náà bá bàbá mi ṣiṣẹ́ adé. Bísí bú sẹ́rìn-ín, ó ní gbogbo ayé ló mọ̀ pé bàbá àgbà nìkan ló ṣe adé ọba ìlú wa. Tolú ò rẹ́rìn-ín.

"Nonna, e il tuo nome dov'è?"

Orúkọ èmi ìyá àgbà rẹ̀ ló ń wá. Torí ìka mi kéré lẹ ṣe mú mi kúrò ní kíláàsì kejì. Ẹyẹ mẹ́rìndínlógún tó wà lórí adé yẹn, èmi ni mo to ìlẹ̀kẹ̀ wọn, lẹ́yìn ilẹ̀kùn tí ẹ tì, torí pé obìnrin kì í fọwọ́ kan adé. Bí ẹsẹ̀ bá dún lóde, ẹ ó já abẹ́rẹ́ gbà lọ́wọ́ mi, ẹ ó máa húkọ́ èké. Itọ́ lẹ fi ń mú ẹnu òwú ṣọ̀kan kí ẹ tó nà án sí mi. Mo ṣì ń ṣe bẹ́ẹ̀ dòní. Lọ́jọ́ tí ọba dé e, tí wọ́n ń kí yín kú iṣẹ́, ẹ wojú mi, ẹ sì gbójú kúrò. Ẹ ní tí ọba bá wàjà, ẹ ó sọ ọ́. Ọba wàjà, ẹ ò sọ ọ́. Ẹ̀yin náà lọ. Kí lẹ bẹ̀rù tó bẹ́ẹ̀?

Ọba yẹn wà lọ́dọ̀ yín báyìí. Ẹ lọ dọ̀bálẹ̀ fún un, kí ẹ dárúkọ mi.

Èmi ni, ọmọ yín tó ń fẹ́ràn yín bọ̀ látọjọ́ yìí.

Gbèsè ni. Ẹ san án.