Ìran Tí Mi Ò Rí

Màámi àtàtà,

Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Mo mọ̀ pé tí ìwé yìí bá tẹ̀ yín lọ́wọ́ nígbà tí ẹ wà láyé, bírò pupa lẹ máa kọ́kọ́ wá. Ẹ máa fi àmì sí ibi tí mo gbàgbé àmì sí, ẹ máa fa ìlà sábẹ́ gbólóhùn tó bá gùn jù, kí ẹ tó bi ara yín pé kí ni ọmọ yìí ń sọ gan-an. Tíṣà lẹ jẹ́ dé orí ibùsùn àìsàn. Mo ṣì ń rántí bí ẹ ṣe ń tún gírámà nọ́ọ̀sì ṣe nígbà tí abẹ́rẹ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀, tí èmi sì ń bẹ̀bẹ̀ pé kí ẹ fi í sílẹ̀.

Ilé wà bí ẹ ṣe fi í sílẹ̀. Ọsàn ẹ̀yìnkùlé ti so láti ìgbà tí a ti sin yín sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó so wọ̀ǹtìwọnti. Mi ò lè fi kan ẹnu. Mo ń pín in fún àwọn ará Òkè-Ìlá, wọ́n ń dúpẹ́, wọ́n ní ọsàn Ìyá Tíṣà mà dùn o. Mo máa ń sáré padà wọlé kí wọ́n tó mu ún lójú mi.

Ṣọ́ọ̀ṣì wa fẹ́ fi mí ṣe díákónẹ́ẹ̀sì. Ẹ̀yin lẹ máa ń sọ pé ṣọ́ọ̀ṣì tí wọ́n ti ń wọ bàtà wọlé kò ní ọ̀wọ̀, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé inú yín ì bá dùn. A jẹ́ mẹ́fà. Pásítọ̀ pín bébà fún wa pé kí a lọ yẹ ara wa wò, kí a kọ gbogbo ẹ̀ṣẹ̀ tí a kò tíì jẹ́wọ́, kí a kó wọn wá kí a jọ sun wọ́n nínú garawa. Mo kọ ìlà mẹ́rin: ìbínú, ìlara, òfófó, pípẹ́ dé ibi iṣẹ́. Nígbà tí mo kà á, ojú tì mí. Ó dà bí iṣẹ́ àṣetiléwá ọmọ tó wo ìwé ẹlòmíì kọ. Mo yí bébà náà sí ẹ̀yìn, mo kọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo sí i: ọ̀lẹ̀lẹ̀.

Ó kàn mí láti ju tèmi sínú iná, ọwọ́ mi kọ̀, kò ṣí. Àwọn tó kù ti ń kọrin. Mo fi bébà náà sínú báàgì mi, mo sì bá wọn kọ ọ́.

Màámi, ẹ jókòó. Mo fẹ́ sọ ohun tí mo ti ń gbé mì láti ọmọ ọdún méjìlá.

Ẹ rántí ọdún tí ẹ lóyún oṣù márùn-ún, lẹ́yìn tí ẹ ti wá àbúrò fún mi tí ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ sú yín. Wòlíì ní kí gbogbo ilé gba ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ ní kí èmi náà máa gbà á dé aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ bíi tiyín, nítorí pé àdúrà ọmọdé a máa tètè gòkè. Ní ọjọ́ kejì, ẹ rán mi lọ sí Ọjà Ọba, kí n lọ gba irú lọ́wọ́ Ìyá Fúnmi, ọ̀rẹ́ yín tí ẹ jọ dàgbà ní Ìyìn, tí ẹ jọ ń wọ aṣọ funfun lọ sílé àdúrà, tí ẹ kì í se ọbẹ̀ ọjọ́ Ìsinmi kí ẹ má bù fún un. Obìnrin kan ń sọ ọ̀lẹ̀lẹ̀ kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìsọ̀ rẹ̀. Ooru rẹ̀ ń fẹ́ sí mi nímú. Mo ra ẹyọ kan, mo kọ ẹ̀yìn sí ọ̀nà, mo jẹ ẹ́ tán, mo lá ewé rẹ̀.

Bí mo ṣe yíjú padà, Ìyá Fúnmi, tó wé gèlè pupa, ló ń wò mí.

“Háà, aládùúrà! Ṣé ọ̀lẹ̀lẹ̀ náà ń gba ààwẹ̀ ni? Jẹ́ kí n dé ulé yín, màá sọ fún ìyá rẹ!”

Ó ń rẹ́rìn-ín. Ó fi etí ìró rẹ̀ nu epo kúrò ní ẹnu mi. Lónìí mo mọ̀ pé ó ń bá mi ṣeré ni. Lọ́jọ́ náà, àyà mi já títí mo fi délé.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹta ààwẹ̀, oyún náà wálẹ̀. Mo rí aṣọ ibùsùn yín tí wọ́n rẹ sínú bàsíà. Kò sẹ́ni tó ṣàlàyé nǹkan kan fún mi, ni mo bá ṣàlàyé rẹ̀ fún ara mi. Ọ̀lẹ̀lẹ̀ ni. Èmi ni mo ba ààwẹ̀ jẹ́, Ọlọ́run sì gba ọmọ náà padà. Ẹnì kan ṣoṣo ló mọ̀, ó sì ti ní òun máa sọ.

Nígbà tí ẹ lè dìde, ẹ mú mi lọ sí ìsìn ọjọ́ Ẹtì. Wòlíì ní kí ẹni tí Ẹ̀mí bá fi nǹkan hàn nípa oyún yín má ṣe pa á mọ́. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Ẹ gbà mí gbọ́, gbígbọ̀n ìbẹ̀rẹ̀ yẹn kì í ṣe irọ́, ẹ̀rù ló ń gbọ̀n mí. Ṣùgbọ́n àwọn èèyàn yí mi ká, wọ́n ń ké Mímọ́, Mímọ́, mo sì rí i pé gbígbọ̀n náà lè ṣe mí lóore. Mo ṣubú lulẹ̀. Mo ní mo rí obìnrin kan tó wé gèlè pupa, tó jókòó ti irú, tó de ọmọ jòjòló kan mọ́ inú ìkòkò. Mi ò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Kí ni mo tún fẹ́ dárúkọ fún? Gbogbo ojú ti wà lára Ìyá Fúnmi, wọ́n ti rí àjẹ́ wọn. Ẹni tó ń kọ ìran sílẹ̀ kọ ọ́ sínú ìwé ńlá yẹn, ó sì kọ orúkọ mi sábẹ́ rẹ̀.

Ìyá Fúnmi wò mí. Kò bínú. Ó ń retí kí n rẹ́rìn-ín, kí n ní eré ni. Kò mẹ́nu kan ọ̀lẹ̀lẹ̀ rárá. Láti ọdún náà wá ni mo ti ń sọ fún ara mi pé ó dáàbò bò mí ni, pé ó lè fi ọ̀rọ̀ yẹn gba ara rẹ̀ là, kò ṣe bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀yin ńkọ́? Ẹ dìde kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ẹ lọ jókòó sí ibòmíì. Ìgbésẹ̀ mẹ́rin péré ni. Ẹ kò tún kí i mọ́ títí ó fi kó kúrò ní Adó padà sí Ìyìn.

Màámi, kí ló dé tí ẹ kò bi í ní ìbéèrè kan? Ẹ̀yin tí ẹ máa ń bi kíláàsì ní ìbéèrè mẹ́wàá nítorí pẹ́ńsùlù tó sọnù. Kí ló dé tí ẹ kò bi èmi náà? Ṣé ìbànújẹ́ kò jẹ́ kí ẹ ríran ni, àbí ó tù yín lára pé ẹ rí ẹni tí ẹ lè di ẹ̀bi rẹ̀ rù? Mi ò dá yín lẹ́jọ́. Ta ni mí tí màá dá yín lẹ́jọ́?

Ohun tó burú jù ni pé ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í pè mí ní Aríran mi. Lójú àwọn àlejò, ẹ máa ń fọwọ́ lé mi lórí. Mi ò tún ṣubú rí nílé àdúrà, ẹ ní ìwé kíkà ló pa ẹ̀bùn mi. Aríran mi lẹ ń pè mí títí di ọ̀sán ọjọ́ tí ẹ lọ. Oòrùn ń wọlé gba ojú fèrèsé, ẹ di ọwọ́ mi mú, ẹ ní, “Aríran mi, bá mi wo iwájú. Kí lo rí?” Mo wo ògiri. Ọ̀dà tó ń bó ni mo rí. Mo ní mo rí ilẹ̀kùn kan tó ṣí sílẹ̀, tí ìmọ́lẹ̀ kún inú rẹ̀. Ẹ rẹ́rìn-ín músẹ́, kò sì pẹ́ tí ẹ fi dákẹ́.

Ṣé ilẹ̀kùn kankan wà níbẹ̀, Màámi? Ṣé ẹ kò dúró síbìkan tí ẹ ń fọwọ́ tá ògiri nítorí ohun tí mo sọ?

Láti ìgbà náà, mo ń gbọ́ sálúbàtà yín ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ọ̀sán gangan ni, tí mo bá ń máàkì ìwé àwọn ọmọ kíláàsì mi. Ẹ máa ń rìn dé ẹnu ọ̀nà yàrá, ẹ máa ń dúró. Mi ò bẹ̀rù yín, ìyá mi kò ní pa mí. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni pé wọ́n ní kò sí ohun tó pamọ́ níbi tí ẹ wà. Tí ẹ bá ti mọ̀, kí lẹ ń dúró dè?

Mo lọ bá Pásítọ̀, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Ó fẹ́ràn mi, ó bẹ̀ mí.

“Mọ́mì, ẹ̀jẹ̀ Jésù ti wẹ̀ yín mọ́. Ọmọdé lẹ jẹ́ nígbà yẹn. Ẹ má jẹ́ kí Èṣù fi nǹkan àtijọ́ dá yín dúró.”

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo gbà pé Ọlọ́run lè ti dárí jì mí. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ á bá a. Tèmi ti lé ní ọgbọ̀n ọdún, ẹni tí mo sì ṣẹ̀ ṣì wà láyé ní Ìyìn, kò jìnnà sí mi.

Mo lọ síbẹ̀ ní Sátidé tó kọjá. Ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń bó ẹ̀gúsí. Ó ti gbó, Màámi, ó ti kéré gan-an. Ó dá mi mọ̀ kí n tó kúnlẹ̀.

“Ọmọ Tíṣà! Wọlé, wọlé, uṣu ti jinná nínú ulé.”

Fúnmi wà níbẹ̀, ó pọn ọmọ ọmọ rẹ̀, ọmọ oṣù mẹ́rin. Nígbà tó fẹ́ lọ bu oúnjẹ, ó tú ọmọ náà. Mo rò pé Ìyá Fúnmi ló máa gbé e fún. Èmi ló gbé e fún, èmi àlejò. Ìyá Fúnmi ti fi ọwọ́ méjèèjì pamọ́ sábẹ́ ìró. Nígbà tí mo tẹ̀ lé Fúnmi lọ sí ilé ìdáná, ó sọ ọ́ fún mi wẹ́rẹ́ bí ẹni ń sọ̀rọ̀ òjò pé láti ìgbà tí ìyá òun ti kúrò ní Adó, kò gbé ọmọ ọwọ́ kankan mọ́. Kò gbé ọ̀kan nínú àwọn ọmọ òun. Mo gbá ọmọ náà mọ́ra.

Mo padà sẹ́nu ọ̀nà, mo kúnlẹ̀, mo jẹ́wọ́. Mo sọ ti ọ̀lẹ̀lẹ̀, ti ẹ̀rù, ti gbígbọ̀n. Ó jẹ́ kí n sọ ọ́ tán.

“O ṣeun, ọmọ mi. Ṣùgbọ́n má parọ́ nítorí mi. Ẹ̀mí kì í ti ẹnu ọmọdé purọ́. Àwọn kan wà tí nǹkan náà ń bẹ lára wọn, wọn ò mọ̀. Ìyá rẹ mọ̀ mí láti kékeré. Tí kò bá sí lára mi, ṣé ìyá rẹ á gbà á gbọ́?”

“Ìyá, mo jẹ ọ̀lẹ̀lẹ̀. Ẹ rí mi. Ẹ nu ẹnu mi.”

Ó wo ẹnu mi. Ó ní òun kò rántí ọ̀lẹ̀lẹ̀ kankan.

Màámi, mo sunkún bí ọmọdé. Ohun tí mo tìtorí rẹ̀ ba ayé rẹ̀ jẹ́, kò tilẹ̀ dúró lọ́kàn rẹ̀. Kò dáàbò bò mí. Ó ti gbàgbé rẹ̀ kí n tó délé lọ́jọ́ náà.

Ó wá ní kí n mú òun wá síbi tí a sin yín sí. “Ìyá rẹ ni mo ṣẹ̀. Ìwọ tí o máa ń ríran, bá mi bi í bóyá ó ti dárí jì mí. Tó bá ti ní bẹ́ẹ̀ ni, màá gbé ọmọ yìí.”

Ọ̀la ni wọ́n ń bọ̀, òun àti Fúnmi àti ọmọ náà. Láti ọ̀sẹ̀ kan ni mo ti ń ro ó. Bẹ́ẹ̀ ni péré ni kí n sọ. Kí n di ojú, kí n gbọ̀n díẹ̀, mo mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Yóò na ọwọ́ rẹ̀ gba ọmọ náà. Ta ló máa sọ pé mo ṣe ibi? Ṣùgbọ́n yóò gbé ọmọ náà gẹ́gẹ́ bí àjẹ́ tí wọ́n dárí jì, obìnrin tí kò ṣe àjẹ́ rí. Irọ́ ni mo fi dè é. Mi ò lè tún fi irọ́ tú u.

Nítorí náà ni mo ṣe kọ ìwé yìí. Mo ti ní kí Pásítọ̀ dá orúkọ mi dúró ná. Màá ka ìwé náà sókè lórí oórì yín, níwájú rẹ̀, kí ó lè gbọ́ pé mo sọ ọ́ fún yín. Tí mo bá kà á tán, mo mọ̀ pé yóò yíjú sí mi, yóò bi mí pé kí lẹ wí. Màá ní mi ò gbọ́ nǹkan kan. Màá sì máa wo ọwọ́ rẹ̀. Ẹ̀rù ń bà mí, Màámi. Bóyá kò ní nà án.

Tí ọ̀nà kankan bá wà tí òkú fi ń bá alààyè sọ̀rọ̀, mo bẹ̀ yín, ẹ má gba ọ̀dọ̀ mi. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni kí ẹ lọ.

Èmi ni,
ọmọ yín kan ṣoṣo, tó parọ́ fún yín, tó sì fẹ́ràn yín dọ́ba.