Ìró Aláwọ̀ Ewé Tí Munir Ń Wá

Ìkàrẹ́-Àkókó,
Ọjọ́ Àtìní.

Marwa, àbúrò mi àtàtà,

Kí àlàáfíà Ọlọ́run máa bá ọ gbé ní Ọ̀kà níbẹ̀. Mo lérò pé ara ọkọ rẹ le, àti pé òtútù orí òkè yín kò mú ẹ jù. Ẹ̀yìn tó ń dùn ẹ́ ńkọ́? Ọmọ mi lo gbé tó fi ń dùn ẹ́, nítorí náà mo gbọ́dọ̀ béèrè. Àwa níhìn-ín ń mí, a dúpẹ́.

Ó lè yà ẹ́ lẹ́nu pé mò ń kọ lẹ́tà nígbà tí fóònù wà. Fóònù gan-an ló fà á. Lọ́jọ́ Jímọ̀ tó o pè, Munir ti ń ké lọ́wọ́ mi látìgbà tá a ti kírun àsárì. Mo tẹ sípíkà kí n lè fi ọwọ́ méjèèjì gbé e. O ní, "Ọkọ mi, kí ló dé?" Háà, Marwa, ọmọ dákẹ́ jẹ́ẹ́! Ó yí orí bíńtín yẹn síbi fóònù, ó ń wá ẹ. Èmi tí wọ́n la inú mi kó tó jáde, fóònù tójú rẹ̀ ti sán wá níyì jù mí lọ. Mo pa á. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì kọ́ ló já o, èmi ni.

Mi ò gbàgbé oore, kí ẹnikẹ́ni má pè mí ní abaramóorejẹ. Nígbà tí Munir jáde ní oṣù méje, tí ìfun rẹ̀ dí, tí wọ́n ní àfi iṣẹ́ abẹ, ẹ̀jẹ̀ ríru ti dá èmi dùbúlẹ̀ ní yàrá kejì, ojú abẹ tèmi náà kò sì tètè jinná. Ìwọ lo wọ ọkọ̀ wá. Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ náà, àwọn nọ́ọ̀sì ní kí wọ́n so ọmọ mọ́ àyà, ara sí ara, kó lè máa móoru, kó sì lè sanra. Àyà rẹ ni wọ́n so ó mọ́. Ẹ̀yìn la mọ̀ tí wọ́n ń pọn ọmọ sí nílẹ̀ wa, nítorí náà nígbà tí Awwal ọkọ mi sọ fún mi pé o pọn ọmọ wa sáyà, ẹ̀rín pa mí. Lọ́jọ́ tí wọ́n wá fi àga oníkẹ̀kẹ́ tì mí dé ọ̀dọ̀ yín, mo rí i nínú ìró aláwọ̀ ewé rẹ, ó sùn sáàárín ọmú rẹ, ó lanu sílẹ̀. Mo ní, "Gbé e fún mi." O ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ kó jí ná." Ọ̀rọ̀ yẹn ṣì ń dùn mí dòní.

A délé, o bá wa wá. Gbogbo ẹni tó yà kí wa, ìwọ ni wọ́n ń kí kú ìtọ́jú. Ìyá àgbà kan tiẹ̀ pè ẹ́ ní Ìyá Munir lójú mi kòrókòró, o rẹ́rìn-ín, o ò sọ pé ìwọ kọ́. O tún wá ń fi orin àwọn ará Ọ̀kà rẹ ọmọ Ìkàrẹ́ lẹ́kún, orin tí èmi gan-an ò gbọ́ ìdajì rẹ̀! Ìdí nìyẹn tí mo fi ní ọkọ rẹ ń retí ẹ nílé. Irọ́ ni mo pa, ọkọ rẹ ò sọ bẹ́ẹ̀.

O gbàgbé ìró náà sórí bẹ́ẹ̀dì mi. Tí mo bá fi so Munir mọ́ àyà, á fi imú wá inú aṣọ, á sì sùn. Mo mọ̀ pé èmi kọ́ ló ń gbóòórùn. Ọsibítù ni ogójì ọjọ́ ìbímọ mi ti pé, nítorí náà ilé ni mo ti wá ráyè fọ àwọn aṣọ ìbímọ bí ìyá wa ṣe kọ́ wa. Ìwọ mọ̀ pé aṣọ tó bá rí ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n ń fọ̀. Ìró tìẹ kò rí ẹ̀jẹ̀ kankan. Mo kó o mọ́ wọn, mo fi ọṣẹ olóòórùn fọ̀ ọ́, mo tún un fọ̀, mo sá a, mo lọ̀ ọ́. Nígbà tí Awwal bi mí, mo ní ẹ̀sìn ni.

Látìgbà náà ni Munir ò ti gbà fún mi. Mo so ó mọ́ àyà, ó ń yí orí kiri, ó ń ké títí ojú abẹ ikùn rẹ̀ fi ń pọ́n. Ó ń mu wàrà, ẹkún ni wàrà náà ń bá lọ. Nọ́ọ̀sì Ẹ̀bùnọlá gbé e lé ìwọ̀n láàárọ̀ yìí, ó mirí. Ó ní, "Ìyá Munir, ọmọ yìí ń rù. Tí kò bá wúwo sí i ní Àlàmísì, ẹ óò padà sí ọsibítù." Ó bi mí pé kí ló yí padà nílé. Mo ní kò sí nǹkan kan, ọṣẹ sì ń ta sánsán lára mi.

Ohun tí mo fẹ́ rèé. Ìró náà méjì ni, èkejì wà lọ́dọ̀ rẹ. Ró o sùn, ró o dáná, kó o fi rán Badmus onítakisí tó mú lẹ́tà yìí wá, ní ọjọ́ Àlàrùba. Ìwọ má wá o. Òórùn rẹ ni mo fẹ́ yá, mi ò fẹ́ kó tún rí àyà rẹ. Mò ń jowú rẹ, Marwa. Owú náà ń ta mí ju ojú abẹ lọ. Èmi náà fẹ́ kó yí orí wá mi lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Ọlọ́run á san án fún ẹ. Á fún ẹ ní ọmọ tìẹ, ìwọ ni wàá kọ́kọ́ gbé e, kò sì ní sí ẹni tó máa sọ fún ẹ pé kó o jẹ́ kó jí ná. Àmín.

Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ,
Ummulkhair, Ìyá Munir gan-an.

Mo tún rántí: Mo ti ká lẹ́tà yìí tán, Badmus ń fọn fèrè níta, Munir sì tún ti bẹ̀rẹ̀. Ohùn rẹ̀ ti há. Má wulẹ̀ fi ìró kankan rán Badmus. Ìwọ ni kó o ró o wá, kó o bá a padà lónìí. Má tiẹ̀ dúró wẹ̀.