Oògùn Tí Èmi àti Ajá Mi Jọ Pín Lò

Ẹ kú ilé o, Màmá mi. Mo forí balẹ̀ fún yín láti òkè Dáṣà níbí. Mo kí Àbẹ̀kẹ́ àbúrò mi, tó ń tọ́jú yín ní Kétu.

Ohun tí kò jẹ́ kí n sùn láti ìgbà iṣu tuntun pọ̀: inú tó ń ta mí bíi pé mo gbé ata mì, Tanímọ̀la ajá mi tó ń bì, àgbàrá tó ń ti orí àpáta ṣàn wọnú kànga. Èyí tó burú jù ni pé ẹ ó ti máa rò pé mo gbàgbé yín.

Màmá, mo purọ́. Kì í ṣe oko kajú tí mò ń ṣọ́ ni kò jẹ́ kí n wá jẹ iṣu tuntun. Ẹ̀rù ló bà mí. Inú àwo kan la ti máa ń jẹun níjọ́ náà, ẹ̀yin lẹ sì máa ń fi òkèlè iyán àkọ́kọ́ sí mi lẹ́nu. Dókítà sì ti ní kòkòrò kan wà níkùn mi, tó lè ti ẹnu dé ẹnu.

Ó fún mi lóògùn ọ̀sẹ̀ méjì. Ṣùgbọ́n nínú oko, Tanímọ̀la nìkan ni mò ń bá sọ̀rọ̀, mo sì rò pé àìsàn kan náà ló ń ṣe wá. Mo ń dá hóró kọ̀ọ̀kan sí méjì, mo ń fi ìdajì sínú iṣu fún un. Nígbà tí wọ́n tún àyẹ̀wò ṣe, kòkòrò kò lọ. Mo jẹ́wọ́ fún obìnrin tó ń fúnni lóògùn. Ó rẹ́rìn-ín títí, ó bi mí bóyá ajá náà ní ìwé ìwòsàn tirẹ̀. Lẹ́yìn náà ló le mọ́ mi: oògùn tí a kò bá lò pé, ńṣe ló ń kọ́ kòkòrò lọ́gbọ́n, oògùn èèyàn sì lè pa ajá. Òun fúnra rẹ̀ ló mú wa lọ bá dókítà ẹran ní ìlú Paouignan. Ìyẹn ní ajá náà ní irú kòkòrò tirẹ̀ níkùn, kò sì sẹ́ni tó lè búra pé ẹnì kan ló kó o ran èkejì. Kí n ṣáà máa fọwọ́, kí ajá ní àwo tirẹ̀, kó má lá mi lẹ́nu mọ́.

Mo tún oògùn bẹ̀rẹ̀, mo lò ó pé. Ọyẹ́ ti dé báyìí, àyẹ̀wò fi hàn pé inú mi ti mọ́, Tanímọ̀la sì tún ń lé ọ̀bọ lórí àpáta. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo bi dókítà tó ń tọ́jú mi bóyá mo lè bá yín jẹun. Ó ní bí mo bá tún bi òun, òun ni yóò wá jẹ iyán náà.

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run àti lọ́wọ́ obìnrin náà. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ yín jù, torí Àbẹ̀kẹ́ ní ẹ ti fi iṣu tuntun kan pamọ́, ẹ kò jẹ́ kẹ́nikẹ́ni fọwọ́ kàn án. Ẹ̀mí yín á gùn sí i. Ẹ bá mi kí gbogbo agboolé.

Èmi ni Àkànní ọmọ yín, tí yóò gbéra láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹwàá oṣù Kejìlá.