Ìwé Tí Wọ́n Ń Fi Ìka Kà

Ọjọ́ Ajé, 4 Oṣù Kẹta

Ojú ọ̀tún ti lọ. Tòsì ń palẹ̀ ẹrù mọ́. Dókítà ní kò ní í pé ọdún kan. Mo bá bẹ̀rẹ̀ iléèwé — èmi tí mo fi ọdún méjìdínlógójì na ọmọ ọlọ́mọ nítorí ìwé kíkà. Àmì kéékèèké tó yọ gọngọ lára bébà ni, ìka la fi ń kà á. Àwa márùn-ún. Olùkọ́ wa kò ju àbígbẹ̀yìn mi lọ. Àjèjì kan ló jókòó tì mí, wẹ́dà tí iná iṣẹ́ ba ojú rẹ̀ jẹ́. Kì í sọ̀rọ̀. Mo ti sọ ọ́ ní Agádágodo.

Ọjọ́bọ̀, 7 Oṣù Kẹta

Mo ka gbólóhùn mẹ́ta. Olùkọ́ yìn mí lójú gbogbo kíláàsì. Àwọn yòókù ń ráhùn pé bébà ti gbó, pé àwọn kò mọ àmì kankan lára. Èmi mọ̀ ọ́n. Ọpọlọ ni, kì í ṣe ìka.

Ọjọ́rú, 13 Oṣù Kẹta

Ìyá àwọn ọmọ ní ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ a-bí-dí kì í yan bí ọ̀gá iléèwé. Ìlara.

Ọjọ́ Ẹtì, 15 Oṣù Kẹta

Mo tètè dé. Agádágodo nìkan ló wà nílé ẹ̀kọ́, ó dojú bo bébà *mi* — ẹ̀kọ́ kẹsàn-án, tí a kò tíì dé — ó ń fi irin ṣóńṣó gún un lẹ́yìn. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ó ní, "Mò ń tún un ṣe ni, Bàbá." Kò sí irú irọ́ ọmọ iléèwé tí n kò gbọ́ rí. Eléyìí kò tilẹ̀ dùn ún gbọ́.

Àbámẹ́ta, 16 Oṣù Kẹta

Mo kọ lẹ́tà sí ọ̀gá àgbà. Ojú ìwé mẹ́ta, lẹ́tà gàdàgbà-gàdàgbà nítorí ojú. "Ìwà tí ó tàbùkù ẹ̀mí ẹ̀kọ́" wà níbẹ̀. Ìyá àwọn ọmọ kà á tán, ó béèrè: "Ṣé ẹ fẹ́ lé e ni, Tíṣà, àbí ẹ fẹ́ sin ín?"

Ìṣẹ́gun, 19 Oṣù Kẹta

Wọ́n ti lé e. Olùkọ́ ti kọ́kọ́ ní kí n fojú fò ó. Mo ní òfin ni òfin.

Ọjọ́bọ̀, 21 Oṣù Kẹta

Ẹ̀kọ́ keje. Mo kà á geere.

Ìṣẹ́gun, 2 Oṣù Kẹrin

Ẹ̀kọ́ kẹsàn-án. Mo ka ìdajì ojú ìwé geere. Mo fọwọ́ wá ìyókù sókè sódò — bébà ń dán bíi dígí. Mo ní wọ́n ti pààrọ̀ rẹ̀. Olùkọ́ fọwọ́ kàn án. "Bí bébà àwọn yòókù ṣe rí nìyẹn, sà, láti ọjọ́ àkọ́kọ́." Ó yí bébà náà dà, ó gbé ìka mi lé ẹ̀yìn rẹ̀. Kòtò tuntun tí irin gún lẹ́yìn àmì kọ̀ọ̀kan, tó tì í yọ síwájú, títí dé ìdajì ojú ìwé. Ibẹ̀ ni mo ti di ọwọ́ Agádágodo mú.

A yẹ ẹ̀yìn àwọn ẹ̀kọ́ tí mo ti kà wò, láti àkọ́kọ́ dé ìkẹjọ. Bákan náà ni gbogbo wọn.

Ọjọ́rú, 3 Oṣù Kẹrin

Mo béèrè ibi tó wà. Olùkọ́ ní akẹ́kọ̀ọ́ nìkan ni wọ́n ń gbà sílé ibùsùn tó ń gbé. Ọjọ́ tí wọ́n lé e ní kíláàsì ni wọ́n kó ẹrù rẹ̀ síta. Ọ̀pá rẹ̀ àti báàgì kan. Kò sẹ́ni tó mọ ọ̀nà tó gbà.



Ọjọ́ Ẹtì, 5 Oṣù Kẹrin

Mo gba irin ṣóńṣó lọ́wọ́ olùkọ́, mo fi ń gún ẹ̀yìn bébà bíi ti Agádágodo. Wákàtí méjì, ìlà kan. Àtàǹpàkò mi bó.

Ọjọ́ Ajé, 8 Oṣù Kẹrin

Ọ̀gá àgbà ní bí mo bá fẹ́ kó ọ̀rọ̀ mi jẹ, kí n kọ ọ́ sílẹ̀, kí n dárúkọ ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn. Mo jókòó ti bébà. Orúkọ wo? Mo ní kí ìyá àwọn ọmọ bá mi wò ó nínú ẹ̀dà lẹ́tà àkọ́kọ́. Ó ka ojú ìwé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sókè, wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́.

"Àjèjì náà." Ìgbà mọ́kànlá. Òun ló ka iye rẹ̀.