Oníkóòtù Tí Ẹ Máa Ń Kí Ní Pẹ̀lẹ́

Màmá mi àtàtà,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ọyẹ́ ti dé sí Ògbómọ̀ṣọ́, ètè gbogbo wa ti bó. Ká ní ẹ wà ńlé ni, ẹ̀ bá ti fi òrí pa wá lára láti òwúrọ̀.

Ọ̀rọ̀ géèmù ni mo fẹ́ bá yín sọ. Ṣé ẹ rántí pé nígbà tí Bọ̀dá Ràṣídì gbé e dé láti Lọ́ńdọ̀nù, tí wọ́n so ó mọ́ tẹlifíṣọ̀n, ẹ kọ́kọ́ pòṣé? Àfìgbà tí ẹ rí òyìnbó tó wọ kóòtù tó wú bíi tìmùtìmù, tó ń fi pákó gígùn méjì yọ̀ lórí òkè yìnyín. Lẹ bá pàtẹ́wọ́, lẹ bú sẹ́rìn-ín. Ẹ ní, "Àṣé ibi tí wọ́n ti ń wọ kóòtù yìí nìyẹn!" Ọjọ́ ti pẹ́ tí irú kóòtù bẹ́ẹ̀ ti ń jáde sí yín nínú bélì òkìríkà tí ẹ ń tà lọ́jà Takie, tí oníbàárà kankan kì í wò ó lẹ́ẹ̀mejì nínú oòrùn, tí ẹ sì máa ń ṣépè fún ẹni tó dì í. Láti ọjọ́ yẹn lẹ ti dẹwọ́ èpè.

Ta ló kọ́ yín láti máa kí òyìnbó inú tẹlifíṣọ̀n? Tó bá ṣubú, "Pẹ̀lẹ́ o, oníkóòtù. Dìde, ọmọ ọlọ́mọ." Tó bá fò tó balẹ̀ ire, "Alihamudulilahi! Kú ewu." Tó bá kàn yín, bísímílà lẹ fi ń tẹ bọ́tìnì, ẹ ó sì máa tẹ̀ sọ́tùn-ún, tẹ̀ sósì lórí ẹní, títí ẹ ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tì mí ṣubú. Ẹ ò mọ̀ ọ́n gbá, Màmá. Òkìtì lásán ni ọkùnrin yẹn máa ń ta lọ́wọ́ yín. Bàbá á yọjú láti ìdí iṣẹ́ káfíńtà wọn, wọn á mi orí, wọn á padà.

Ọ̀rọ̀ Bàbá ló wá ń jẹ mí lọ́kàn. Láti ìgbà tí a ti ṣe fìdáù yín, wọn ò jókòó ní pálọ̀ mọ́. Yàrá ni wọ́n ti ń jẹun, tí wọ́n bá jẹ ẹ́ rárá. Nígbà tí àbúrò yín ti Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́ wá kó ọjà yín, gbogbo rẹ̀ ni Bàbá jẹ́ kí wọ́n kó, àfi kóòtù búlúù kan, irú ti òyìnbó yẹn. Mi ò bi wọ́n léèrè. Ẹ̀rù ń bà mí kí a má lọ sin ẹni kejì.

Lánàá, iná dé ní ìrọ̀lẹ́, mo tan géèmù torí pé àárò yín ń sọ mí. Oníkóòtù fò, ó forí sọlẹ̀. Mo dúró kí n gbọ́ pẹ̀lẹ́ yín. Ṣé ẹ gbọ́ bí ilé ṣe dákẹ́?

Ni mo bá gbọ́ ohùn lẹ́yìn mi. Bàbá ló dúró lẹ́nu ọ̀nà, nínú kóòtù búlúù yẹn, apá rẹ̀ ò tilẹ̀ dé ọrùn ọwọ́ wọn.

"Pẹ̀lẹ́ o, oníkóòtù. Dìde jàre. Ìyá Ràṣídì ń wò ẹ́."

Wọ́n jókòó sórí ẹní yín, wọ́n na ọwọ́ gba bọ́tìnì géèmù lọ́wọ́ mi. Màmá, wọn ò mọ̀ ọ́n gbá tó yín pàápàá.

Ẹ sùn ire. Tí ẹ bá ń wò wá lóòótọ́, ẹ máa bá wa kí i.

Èmi ni,
àbíkẹ́yìn yín, tó ṣì ń fi àyè yín sílẹ̀ lórí ẹní.