Ẹ̀rún Irin Tó Da Àárín Wa Rú

Sfax,
Ọjọ́ Àìkú, oṣù Kejìlá.

Ghazi, àbúrò mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ, mo kí ìyàwó rẹ, mo sì kí àwọn ará Bizerte tó ń bá wa bójú tó ọ lọ́hùn-ún. Mo gbà á ládùúrà pé kí ìwé yìí bá yín lórí ìdúró, kí òtútù etíkun má ṣe yín ní jàǹbá. Èmi alára wà. Ara ìyá wa ni kò le, jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ń peléke sí i.

O kò gbé fóònù mi mọ́ láti ọjọ́ tí o ti sọ ọ̀rọ̀ yẹn, ìdí nìyẹn tí mo fi kọ̀wé. Inú àgbàlá ni a wà lọ́jọ́ náà, ìyá wa ń ṣa ólífì lórí ẹní, nígbà tí o sọ ọ́ jáde pé: "Ẹ̀gbọ́n mi, eku lẹ ń tọ́jú níbi iṣẹ́ yín, ìyá tó bí yín sì ń kú lọ lójú yín." Ó gbọ́ ọ. Ólífì rẹ̀ ló ń ṣà lọ.

N kò bá ọ jà pé o rántí ohun tí mo fẹnu ara mi sọ. Lóòótọ́ ni mo sọ ọ́ nídìí oúnjẹ ọdún Iléyá pé irin kan náà ni, ìrísí rẹ̀ ló ń yí ìwà rẹ̀ padà. Ẹ̀rún irin tí à ń ṣe ní yàrá ìwádìí wa kéré débi pé ojú lásán kò lè rí i. Èyí tó rí róbótó máa ń rìn wọ́ọ́rọ́wọ́ nínú ẹ̀jẹ̀. Òun ni dókítà fi ń ríran nínú ara aláìsàn. Èyí tó rí bí abẹ́rẹ́ máa ń gún nǹkan. Èyí tó ní igun bíi ṣúgà onígun, bí a bá ti gbé òòfà tí agbára rẹ̀ ń yára yí síwá-sẹ́yìn sún mọ́ ọn, ó máa ń gbóná ju róbótó lọ fíìfíì, ooru yẹn ló sì ń pa jẹjẹrẹ. Ibẹ̀ lo gbọ́ dé, lo bá fẹ́ kí n fi wo ìyá wa.

Ohun tí n kò tíì mọ̀ nígbà yẹn ni pé inú àwo dígí nìkan ni onígun yìí ti ń gbọ́ràn. Nígbà tí a fi wọ́n sínú ara eku, ẹ̀gbẹ́ wọn tó tẹ́ pẹrẹsẹ lẹ̀ mọ́ra bíi bíríkì, wọ́n dí ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ nínú ẹ̀dọ̀fóró. Àwọn eku náà ń mí hẹlẹhẹlẹ, wọ́n sì kú. À ń wá ohun tí a ó fi bo àwọn ẹ̀rún náà lára kí wọ́n má lẹ̀ mọ́ra mọ́. A kò tíì rí i.

Síbẹ̀, ọ̀rọ̀ rẹ gún mi lọ́kàn. Mo lọ bá Ọ̀jọ̀gbọ́n Taher, ọ̀gá wa. Ó ní: "Rawda, ká ní ìyá tèmi ni, mi ò ní fún un. Ṣùgbọ́n mi ò lè máa ṣọ́ ẹ." Nígbà tó jáde, mo gbé ìgò náà kúrò nínú fíríìjì. Mo fi òòfà kàn án lẹ́gbẹ̀ẹ́, omi dúdú inú rẹ̀ sì gun ara ìgò wá bá a bí ẹranko tí ebi ń pa. Mo rántí àwọn eku náà. Mo dá a padà.

Ìyá wa ló ní òun fẹ́ fojú ara òun rí i. Mo fi takisí gbé e lọ, mo mú un jókòó síwájú awò ńlá wa tó ń fi ohun tí ojú lásán kò lè rí hàn, mo fi àwòrán àwọn ẹ̀rún náà hàn án, igun lẹ́gbẹ̀ẹ́ igun. Ó fi ìbòrí rẹ̀ nu ojú, ó tún wò ó, ó ní: "Ṣé nǹkan bíńtín yìí ni ẹ̀yin méjèèjì tìtorí ẹ̀ ò bára yín sọ̀rọ̀?" Ẹ̀rín pa Ọ̀jọ̀gbọ́n. Èmi ò lè rẹ́rìn-ín. Mo ní: "Màmá, ṣé ẹ fẹ́ kí n gbìyànjú ẹ̀?" Ó ní: "Rárá o, ọmọ mi. Bí àìsàn bá pa mí, Ọlọ́run ló pè mí. Bó bá jẹ́ ọwọ́ ẹ ni mo kú sí, ta ló máa gbà ẹ́ lọ́wọ́ ara ẹ?"

Nǹkan mìíràn wà tí o gbọ́dọ̀ gbọ́. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n fi ẹ̀rún róbótó wo inú ara rẹ̀ nílé ìwòsàn. Jẹjẹrẹ náà kò dúró sínú ẹ̀dọ̀ mọ́, ó ti dé eegun ẹ̀yìn. Dókítà ní kò sí ojú kan pàtó tí èèyàn lè dáná sun mọ́. Bí onígun wa tilẹ̀ gbọ́ràn lónìí, ó ti pẹ́ jù fún un. Mo jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ibẹ̀, mo sunkún títí nọ́ọ̀sì kan fi gbé omi wá fún mi.

Ìyá wa mọ̀ ọ́n. Kò béèrè oògùn lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni mọ́. Bí ilẹ̀kùn àgbàlá bá ti dún, orúkọ rẹ ló ń pè. Bínú sí mi bí o bá fẹ́, Ghazi, ṣùgbọ́n wá bínú sí mi nílé.

Kí Ọlọ́run tó jẹ́ ká mu ọmú kan náà má tú wa ká. Kí ó bá ọ ṣọ́ ilé rẹ, kí ọ̀nà sì tù ọ́ lára títí o ó fi dé ọ̀dọ̀ wa.

Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ obìnrin, bí inú rẹ dùn sí mi, bí kò dùn,
Rawda.

Àfikún: Ìyá wa ń wò mí bí mo ti ń kọ èyí. Ó ní kí o má ra nǹkan kan bọ̀. Ó ní bí o bá dé, inú àwo kuskus kan ṣoṣo ni òun máa bu oúnjẹ àwa méjèèjì sí, òun á sì jókòó tì wá títí a ó fi jẹ ẹ́ tán.