Olùrà Àkọ́kọ́ ní Ṣọ́ọ̀bù Àǹtí Kokila

Màámi,

Ní àràárọ̀, mo máa ń fi èékánná họ iye owó àná kúrò lára ìkòkò Íńdíà tí à ń tà níbí, màá sì lẹ tuntun, torí ìjọba Amẹ́ríkà níbí tún ti fi kún owó ibodè ẹrù Íńdíà.

Àǹtí Kokila, ọ̀gá mi, kì í jẹ́ kí olùrà àkọ́kọ́ lọ lọ́wọ́ òfo, kí ọjà ọjọ́ náà má bàa kú. Oníbàárà wa kan, ìyá Dharmesh, mọ èyí, ó sì máa ń tètè jí dé kó lè ná ọjà wálẹ̀.

"Kokila, ṣé wúrà ni ìkòkò yìí?"

"Ẹ bi ìjọba, ẹ̀gbọ́n mi."

Ló bá tún tà á fún un ní àdánù. Àǹtí ní òun lè ti ṣọ́ọ̀bù pa, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ ni mò ń sùn. Mò ń jẹun dáadáa.

Ẹ bá mi kí Bàbá. Lọ́la, kí ìyá Dharmesh tó dé, èmi ni màá kọ́kọ́ ra ṣíbí kan, láìná an.